Ikùn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá, kí ló wá dé tó jẹ́ ọrùn ló wú?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ káàsán dọ́kítà. Màmá mi, ẹni ọdún 68, ìfun wọn dí, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ìfun ló lẹ̀ mọ́ra wọn nítorí iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì tí wọ́n ti ṣe láti 1994. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọn ò fi ohunkóhun kan ẹnu, dírípù nìkan. Ìjẹta ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. Láàárọ̀ àná la rí i pé abẹ́ etí wọn ọ̀tún ti wú wá sí ọrùn, ó ń dùn wọ́n, wọn ò lè la ẹnu dáadáa, ara wọn sì gbóná lóru. Àǹtí mi ní gẹ̀gẹ̀ ni. Aládùúgbò wa ní sẹ́gẹdẹ ni, ká má jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní jẹjẹrẹ ló ti ràn dé ọrùn. Àwọn kan tún ní páìpù tí wọ́n kì bọ̀ wọ́n lọ́fun ní tíátà ló ba nǹkan jẹ́. Ṣé ká ra áńtíbáyọ́tíìkì ní kẹ́míìsì ni àbí ká dá wọn padà? Ṣé àwọn dọ́kítà ló ṣàṣìṣe ni? Àǹtí mi tún ní kí wọ́n má mu omi púpọ̀ kí ojú abẹ má bàa wú."

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde lọ wò wọ́n ná. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá mímí wọn ń dún, bóyá wọ́n ń mí gúlegúle, bóyá itọ́ ara wọn ni wọn ò lè gbé mì tó ń ṣàn jáde lẹ́nu, bóyá ohùn wọn ti yí padà bíi tẹni tó di nǹkan sẹ́nu, bóyá ahọ́n tàbí ètè wọn ń wú, bóyá wíwú yẹn ń tóbi sí i láti wákàtí kan sí èkejì, bóyá ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́. Tí ẹyọ kan péré bá wà níbẹ̀, ẹ pa fóònù tì, ẹ gbé wọn jókòó, ẹ má tẹ́ wọn gbalaja sẹ́yìn mọ́tò o, torí ẹni tí ọ̀nà èémí ẹ̀ ń dí, ìjókòó ló máa ń gbà á, ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù tó ní ọ́síjìn àti tíátà bó tiẹ̀ jẹ́ òru ni. Tí ìkankan ò bá sí, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ kà á tán, àmọ́ òní yìí náà lẹ máa gbé wọn padà, ẹ má dá a di ọ̀la.

Ọrùn èèyàn kéré, àmọ́ ohun tó há sínú ẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀nà èémí wà níbẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ wà níbẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá tó ń lọ sórí àtèyí tó ń bọ̀, ẹ̀yà ara tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, àwọn àpò tó ń ṣe itọ́, àti àwọn kókó kéékèèké tó pọ̀ lọ súà tó máa ń wú tí kòkòrò àìsàn bá wọ eyín, ọ̀fun tàbí awọ orí. Ìdí nìyẹn tí dọ́kítà tó bá mọṣẹ́ ò fi ní kàn fọwọ́ kan ọrùn kó sì sọ pé báyìí ló rí. Èmi, ohun mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè lẹ́yìn tí mo bá ti rí i pé aláìsàn ń mí dáadáa: iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ṣe, ọjọ́ kélòó rèé, ibo gan-an lára ọrùn ló sì wú. Ẹ máa yà á lẹ́nu pé ìdáhùn mẹ́ta yìí nìkan sábà máa ń gbé wa débi tí skáànù olówó gọbọi máa gbé wa dé.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn hàn yín. Tó bá jẹ́ pé ọrùn gan-an ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, bíi àwọn tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ kúrò fún, tí ọrùn wá wú láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lèmi máa kọ́kọ́ rò títí màá fi rí i pé kì í ṣe òun. Iṣan kékeré kan tó ti dákẹ́ ní tíátà ló tún ṣí, ẹ̀jẹ̀ á máa jò sínú ibi tí kò sí àyè, á máa há ọ̀nà èémí mọ́lẹ̀. Mo rántí obìnrin kan tí wọ́n ṣe é fún lọ́sàn-án, ó ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, kò pẹ́ ló ń sọ pé aṣọ òun ń fún òun lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ọrùn aṣọ yẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò dúró gbọ́ ẹjọ́ wẹ́wẹ́, bàńdéèjì lẹ̀ẹ́kan náà ló ṣí, ó pariwo pè wá, orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ la ti já okùn tí wọ́n fi rán ojú abẹ, ẹ̀jẹ̀ dídì jáde, mímí sì padà sípò ká tó gbé e lọ tíátà lọ dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró. Ká ní a ní ká lọ ṣe skáànù ni, orí skáànù yẹn ni ì bá kú sí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn ìdílé pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́rùn, ẹ má fi ìborùn bo ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa rí i, tó bá sì ní ọrùn ń fún òun, ẹ gbà á gbọ́.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta sí ìkeje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọrùn kan náà ni, tó rọ̀ tó ń mì bí omi nínú ọ̀rá, tí kò gbóná tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dunni, omi ara lásán ló sábà máa ń jẹ́, ara fúnra ẹ̀ á mu ún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá pọ̀ jù a máa fi abẹ́rẹ́ fà á. Tó bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà wà níbẹ̀, ọyún nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ apá òsì ọrùn tí wọ́n fi yọ àwọn kókó kúrò tún lè mú kí omi funfun bíi wàrà máa jò síbẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá, ìyẹn ní ìtọ́jú tiẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí torí wọn ò kan màmá, wọn ò fi abẹ kan ọrùn wọn.

Nǹkan méjì mìíràn wà tó lè mú kí ọrùn wú nígbà tó jẹ́ pé ibòmíì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́ ni atẹ́gùn tó sá wọ abẹ́ awọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láyà, tàbí tí wọ́n fi páìpù sí wọn ní ìhà, tàbí tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nínú ikùn láti fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́. Téèyàn bá fọwọ́ tẹ irú ọrùn bẹ́ẹ̀, á máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka bí ọ̀rá bisikíìtì, ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé. Èkejì ni dírípù ọrùn. Àwọn aláìsàn tí iṣan apá wọn ò ṣeé rí mọ́, a máa ń ki páìpù dírípù bọ iṣan ńlá ọrùn wọn, ẹ̀jẹ̀ lè wá dì nínú iṣan yẹn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò sì lè ràn mọ́ ọn, ọrùn á wú, nígbà míì apá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà á bá a wú, iṣan àyà á yọ sójú. Ẹ ò sọ nínú lẹ́tà yín bóyá wọ́n fi dírípù sí màmá lọ́rùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ sì wo ọrùn wọn dáadáa bóyá ojú abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, torí tó bá wà lápá ọ̀tún yẹn, dọ́kítà tó máa rí wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó gbọ́ ohunkóhun míì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ màmá gangan. Ẹni ọdún 68, iṣẹ́ abẹ ìfun, ọjọ́ márùn-ún láìfi nǹkan kan ẹnu, ọjọ́ kẹjọ ni abẹ́ etí kan wú, ó ń dunni, ẹnu ò là, ibà wọlé. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín dé ibi ọjọ́ márùn-ún yẹn, ọkàn mi ti lọ sí àpò itọ́. A ní àpò itọ́ ńlá kan níwájú etí kọ̀ọ̀kan, ó sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́yìn igun àgbọ̀n títí wọ ọrùn lókè, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń rò pé ọrùn ló wú nígbà tó jẹ́ pé àpò itọ́ ni. Itọ́ ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan jáde sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu ọ̀nà yẹn kọjú sí ìkejì nínú àwọn eyín ńlá òkè tí a fi ń lọ oúnjẹ, ẹ lè fi ahọ́n yín wá a níbẹ̀ báyìí, ó dà bí ọmú kékeré. Tí èèyàn bá ń jẹun tó ń mumi, itọ́ á máa ṣàn nígbà gbogbo, ó lè tó lítà kan lóòjọ́, ṣíṣàn tó ń ṣàn yẹn ló ń fọ ọ̀nà yẹn mọ́, tí kòkòrò inú ẹnu ò fi lè gòkè wọlé. Ẹ wá ronú sí ẹni tí kò jẹ tí kò mu fún ọjọ́ márùn-ún, tí omi ara ẹ̀ ti lọ sínú èébì kó tó dé ọsibítù rárá, tó ń fi ẹnu mí torí rọ́bà tí wọ́n gba imú ẹ̀ kì lọ sí ikùn, tí kò sẹ́ni tó fọ ẹnu fún un. Itọ́ á gbẹ, èyí tó kù á ki bí àtè, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ẹnu wọ inú àpò yẹn, èyí tí a sì máa ń bá níbẹ̀ jù lọ ni Staphylococcus, kòkòrò kan náà tó ń fa eéwo. Àwọn àgbàlagbà ló máa ń ṣe jù, nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Tí wọ́n bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́, tàbí àwọn oògùn oorun tó ń gbẹ ẹnu, ó tún burú sí i, ẹ kó gbogbo oògùn màmá sínú ọ̀rá kan kẹ́ ẹ gbé e dání.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí ibà ò jẹ́ kó lọ sílé. Ojoojúmọ́ là ń ṣí ojú abẹ ikùn wọn wò, ó mọ́ kedere, a gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn, a yẹ ìtọ̀ wọn wò, a yí áńtíbáyọ́tíìkì padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó wọn ló ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá yìí ò rí bákan náà mọ́." Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa ní kí bàbá la ẹnu, ahọ́n wọn gbẹ bí èèpo igi, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó rọra fọwọ́ ra ẹ̀yìn àgbọ̀n bọ̀ wá síwájú, ọyún sì yọ jáde ní ẹnu ọ̀nà itọ́ yẹn níṣojú gbogbo wa. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí aláìsàn tí mo máa yẹ̀ wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí mi ò ní sọ pé kó la ẹnu. Ohun tí mo sì fẹ́ kí dọ́kítà tẹ́ ẹ máa bá lónìí ṣe fún màmá nìyẹn, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àìsàn yìí ti wà tipẹ́. Wọ́n yìnbọn lu James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní July 2, 1881, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbẹ, ó rù hangogo, nígbà tó di August àpò itọ́ ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀ wú ó sì kún fún ọyún, àwọn dọ́kítà ní láti là á. Ó kú ní September 19. Kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ló pa á, ọgbẹ́ ìbọn tí wọ́n fi ọwọ́ àìmọ́ tú kiri ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ nígbà yẹn kò sí dírípù bá a ṣe ní in lónìí, kò sì sí áńtíbáyọ́tíìkì rárá. Mo mẹ́nu bà á kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ju èyí lọ, àti pé ohun tí wọn ò ní nígbà yẹn, ẹ̀yin ní in nítòsí yín.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ tí àǹtí sọ: gẹ̀gẹ̀ kì í ṣàdédé yọ lóru ọjọ́ kan kó máa dunni pẹ̀lú ibà, iwájú ọrùn nísàlẹ̀ gògóńgò ló sì máa ń wà. Ẹ ní kí màmá gbé omi díẹ̀ mì kẹ́ ẹ máa wo ọrùn wọn, gẹ̀gẹ̀ máa ń bá gògóńgò gòkè sọ̀kalẹ̀, ti àpò itọ́ ò ní mira. Ẹ tún dúró síwájú wọn kẹ́ ẹ wo etí méjèèjì, tí àpò itọ́ bá wú, ó máa ń ti ìsàlẹ̀ etí ẹ̀gbẹ́ yẹn síta, kòtò tó wà láàárín etí àti àgbọ̀n á sì dí. Sẹ́gẹdẹ ní tiẹ̀, mo mọ ìdí tí aládùúgbò yín fi rò ó, torí àpò kan náà ni sẹ́gẹdẹ ń mú wú, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, àwọn ọmọdé ló ń ṣe jù, ó sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọyún kì í sì í jáde níbẹ̀. Ẹni ọdún 68 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ abẹ ìfun, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, sẹ́gẹdẹ ò sí lókè nínú ohun tí màá rò. Àwọn ọmọ lè lọ kí ìyá ńlá wọn, kí wọ́n kàn fọwọ́ dáadáa.

Ti ẹ̀gbọ́n tó wà ní London, mi ò bá a wí, ẹni tó bá wà lókèèrè, ọkàn ẹ̀ kì í balẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì sì máa ń yára gbéni dé ibi tó burú jù. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ inú ikùn lè ràn dé ọrùn, ọ̀gbẹ́ni Rudolf Virchow ará Jámánì ti kọ̀wé nípa ẹ̀ láti 1848, àmọ́ kòtò tó wà lókè eegun tó dábùú láti ọrùn lọ sí èjìká, lápá òsì, ló sábà máa ń yọ sí, ó máa ń le bí òkúta, kì í dunni, ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ló sì fi ń dàgbà. Ti màmá wà lápá ọ̀tún, abẹ́ etí, ó dùn wọ́n, ọjọ́ kan ló yọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń mú kókó ọrùn wú nílẹ̀ wa níbí, òun náà kì í yára tó báyìí. Àmọ́ kí ọkàn gbogbo yín lè balẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n bá gé ibì kankan kúrò lára ìfun màmá, ẹ béèrè èsì láàbù ẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Tí wíwú yẹn ò bá sì lọ tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí tó ku kókó líle kan níbẹ̀, ẹ padà lọ, ìgbà yẹn la máa fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Páìpù ọ̀fun máa ń jẹ́ kí ọ̀fun dunni, kí ohùn há fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, nígbà míì àpò itọ́ tiẹ̀ máa ń wú láàárín wákàtí mélòó kan tí aláìsàn bá jí, láìsí ìrora, á sì wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ya ọ̀nà èémí ni, à bá ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì. Ọjọ́ kẹjọ pẹ́ jù fún páìpù. Ohun tó jọ èyí tí mi ò sì lè yọ kúrò láti ibi tí mo wà ni eyín. Tí màmá bá ní eyín jíjẹrà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ọyún lè ti ibẹ̀ wọ abẹ́ àgbọ̀n, irú èyí tó bá ń gbé ahọ́n sókè sì léwu gan-an, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ wo ahọ́n.

Ní ti kẹ́míìsì àbí ọsibítù, màá sọ òótọ́ fún yín. Ẹni tó bá ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí kò ní ibà, tó ń la ẹnu tó ń mumi dáadáa, a lè fún un ní oògùn tó máa mu nílé kó sì padà wá rí wa lọ́jọ́ kejì. Màmá ò sí lára wọn. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ń gba ìwòsàn lọ́wọ́, ibà wà, ẹnu ò là, oògùn tí wọn ò lè gbé mì dáadáa ò lè ṣiṣẹ́, kòkòrò tí wọ́n sì kó ní wọ́ọ̀dù lè jẹ́ èyí tí oògùn kẹ́míìsì ò ràn mọ́. Ohun tó tún máa ń dùn mí ni pé oògùn ìdajì yẹn á jẹ́ kí ibà wálẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti tán, nígbà tí ọyún á máa kó ara ẹ̀ jọ nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ti lọ, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó iṣẹ́ abẹ tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ ti abẹ́rẹ́ àti dírípù dínwó púpọ̀ ju kí wọ́n tún gbé wọn wọ tíátà lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ yẹn ló dáa jù kẹ́ ẹ padà sí torí káàdì wọn wà níbẹ̀, tó bá jìnnà ju wákàtí kan lọ tàbí tí ọ̀nà ò dáa, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín kẹ́ ẹ sì mú ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ dání. Wọ́n á wo ẹnu, wọ́n á gba ọyún tó bá jáde lọ sí láàbù kó tó di pé wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n á yẹ ṣúgà wò torí àtọ̀gbẹ tẹ́nì kan ò mọ̀ nípa ẹ̀ máa ń fara pamọ́ sábẹ́ irú èyí, wọ́n á wo bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fún wọn ní omi. Tí kò bá rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, skáànù ọrùn ló kàn láti mọ̀ bóyá ọyún ti kó jọ, torí èèpo tó yí àpò yẹn ká le débi pé ọwọ́ lásán lè má mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ là á nílé tàbí ní kẹ́míìsì. Iṣan tó ń jẹ́ ká lè pa ojú dé, ká lè rẹ́rìn-ín, àárín àpò itọ́ yẹn gan-an ló gbà kọjá, ẹni tó bá là á láìmọ̀ lè jẹ́ kí ẹnu màmá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí láé. Ẹ má fi báàmù gbígbóná tàbí àdí gbígbóná ra á. Aṣọ tẹ́ ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ò burú, parasítámọ́ọ̀lù ò burú. Ẹ fọ ẹnu wọn fún wọn ní jẹ́jẹ́ pẹ̀lú omi iyọ̀ díẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá lá, tàbí àgbálùmọ̀ tó kan bó bá jẹ́ àsìkò ẹ̀, máa ń jẹ́ kí itọ́ sáré jáde, ìtọ́jú gidi ni, kì í ṣe àgbélẹ̀rọ.

Omi tí àǹtí ní kí wọ́n má mu yẹn ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ilé ni mo ti gbọ́ ọ, pé omi á jẹ́ kí ojú abẹ tutù tàbí kó wú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi téèyàn mu kì í lọ sójú abẹ. Nígbà tí ìfun ò tíì ṣiṣẹ́, dọ́kítà ló ní kí wọ́n má mu, ìyẹn ní ìdí tiẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí màmá máa jẹun ni òfin yẹn ti tán. Kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ léraléra, àfi tí ikùn wọn bá wú, tí wọ́n bá ń bì, tàbí tí dọ́kítà ti sọ pé ọkàn tàbí kíndìnrín wọn ò gba omi púpọ̀. Tí ikùn bá wú tàbí tí wọ́n bá ń bì, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọrùn.

Ṣé àwọn dọ́kítà ṣàṣìṣe? Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láìrí ìwé wọn. Ìfun tó lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ààwẹ̀ ọjọ́ márùn-ún sì máa ń pọn dandan nígbà míì. Ohun tó lè dín èyí kù ni omi dírípù tó tó àti kí ẹnì kan máa fọ ẹnu fún aláìsàn, iṣẹ́ yẹn sì máa ń bọ́ sílẹ̀ láàárín nọ́ọ̀sì méjì tó ń tọ́jú ọgbọ̀n èèyàn. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ náà. Ẹ má wọ wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìbínú lónìí, ẹ jẹ́ kí ọrùn màmá rọ̀ ná, ẹ lè béèrè ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè lẹ́yìn ìyẹn.

Mi ò fọwọ́ kan ọrùn màmá, lẹ́tà nìkan ni mo kà, torí náà àpò itọ́ tí mo ń tẹnu mọ́ yìí, èrò tó lágbára ni, kì í ṣe ìdájọ́. Tí dọ́kítà tó rí wọn bá sọ nǹkan míì, tó sì ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ ní kí màmá pa ojú méjèèjì dé pinpin kí wọ́n sì fi eyín hàn yín bó ṣe lè ṣeé ṣe tó, ẹ wò ó bóyá ọgbọọgba ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ wò ó. Ẹ fi báírò fa ìlà yí ibi tó wú yẹn ká lára awọ, kí dọ́kítà lè rí i bóyá ó ti kọjá ìlà kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ òun.